Ọmọ 150 tó ń wọ kíláàsì kìíní ní oṣù kẹsàn-án: báwo ni àdúgbò, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé ṣe lè jọ gbé e?

Akọ̀wé Àdúgbò (ẹni tó béèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò mẹ́ta ló fẹ́ para pọ̀ ní ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí. Àwọn ọmọ tí yóò wọ kíláàsì kìíní ní oṣù kẹsàn-án ń lọ bíi 150, ilé ìwé ìjọba méjì ni wọn yóò pín sí. Ọ̀gá ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ti fọwọ́ sí i, Ìyálọ́jà náà ti gbà. Èrò wa ni pé ká pe gbogbo ọmọ jọ lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ká wọ̀n wọ́n, ká yẹ ojú àti etí wọn wò, ká fún wọn ní oògùn aràn, ká wá fún wọn ní ìwé àti àpò. Kí ló yẹ ká fi kún un, kí ló yẹ ká yọ, níbo ló sì ti sábà máa ń bàjẹ́?

Nọ́ọ̀sì Alábọ́ọ́dé

Ẹ kú àníyàn ọmọ, sà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ kì í ṣe ọjọ́ yẹn fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni. Wọ́n á rí ogún ọmọ tó nílò ìtọ́jú, wọ́n á kọ "lọ sí ọsibítù" sórí ìwé pélébé, wọ́n á fi lé ìyá lọ́wọ́, ó parí. Ìyá kò ní owó ọkọ̀, kò sì mọ ẹni tí yóò bá pàdé níbẹ̀. Abẹ́ ibùsùn ni ìwé yẹn ń sùn sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ra rẹ́jísítà ńlá kan tó nípọn. Ẹ fa ìlà sí i báyìí: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, agboolé, nọ́ńbà fóònù ìyá àti ti ẹlòmíràn kan nínú ẹbí, káàdì àjẹsára wà tàbí kò sí, ohun tí a rí, ohun tó kù láti ṣe, ẹni tí yóò mú ọmọ lọ, ọjọ́ tó parí. Orí ìlà méjì tó kẹ́yìn yẹn ni iṣẹ́ wà. Bí orúkọ ẹni tí yóò mú ọmọ lọ kò bá sí níbẹ̀ kí ìyá tó kúrò lórí ìjókòó, ẹ kà á sí pé ẹ kò tíì yẹ ọmọ náà wò.

Ohun kejì: ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí olórí ilé ìwé gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ wá, kí ilé ìwòsàn gbé rẹ́jísítà àjẹsára wá, kí ẹ jókòó sídìí tábìlì kan kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Ọ̀sán kan ti tó fún orúkọ 150. Ẹ óò rí ọmọ tó wà níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún. Ọmọ tí kò sí nínú èyíkéyìí ló ṣe pàtàkì jù, ìyẹn kò sì ní í jáde láti inú ìwé. Ìyálọ́jà, àwọn lánlọ́ọ̀dù, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ ọ́n: ọmọ tí wọ́n mú wá sọ́dọ̀ ìyá àgbà, ọmọ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ oko, ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ jókòó sídìí ọjà láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹlẹ́rọ Òtútù

Ẹ jẹ́ kí n mú ti àjẹsára. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ kún ọjọ́ yìí bí ilé ìwòsàn kò bá ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó. Ọmọ kan á gba abẹ́rẹ́, á figbe ta, ogójì ọmọ á bá a sunkún, kò sì sí ọmọ tó ń sunkún tí ẹ lè yẹ ojú rẹ̀ wò. Ẹ fi ọjọ́ yẹn wo káàdì nìkan.

Ohun tí ẹ óò wò lórí káàdì kò pọ̀. BCG, ìyẹn àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, nígbà ìbí. Pẹ́ńtà, abẹ́rẹ́ kan tó ń dènà àrùn márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Ti ìgbóná èèyí àti ti ibà pọ́njú ní oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn ìbí, èyí èèyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni àwọn ìyá máa ń gbàgbé jù, torí ọmọ ti ń rìn, wọ́n rò pé ó ti parí. Bí káàdì bá ti sọnù, ẹ wo apá òsì ọmọ lókè fún àpá BCG, àmọ́ àìsí àpá kò fi hàn dájú pé kò gbà á. Ọmọ tí kò parí kò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ibi tó ti dúró ni yóò ti tẹ̀ síwájú.

Ìdí kan wà tí àwọn ìyá fi ń lọ tí wọn kì í padà. Ìgò àjẹsára èèyí kan, ọmọ mẹ́wàá ló wà fún. Bí nọ́ọ̀sì bá ti po ó, ó ní láti dà á nù lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Ìlànà ni pé kí wọ́n ṣí i kódà fún ọmọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ìfiṣòfò máa ń ba àwọn kan, wọ́n á ní "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀". Ẹgbẹ́ àdúgbò lè tú okùn yìí láìná kọ́bọ̀: ẹ kó orúkọ ọmọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó kù sí i jọ, ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ kó gbogbo wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá sì wà níbẹ̀, ẹ wo àmì kékeré tó wà lára ìgò, róbótó tó ní onígun mẹ́rin nínú. Bí onígun mẹ́rin inú bá ṣì funfun ju róbótó lọ, ooru kò tíì ba oògùn yẹn jẹ́. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, ooru ti ba á jẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́kọ

Ẹ ṣeun gan-an. Tí ìwọ̀n ara ńkọ́? Mo dá a lábàá pé kẹ́ ẹ lo téèpù apá aláwọ̀ mẹ́ta yẹn, ó yá ju òṣùwọ̀n lọ. Pupa, ewu, yẹ́lò, ìṣọ́ra, àwọ̀ ewé, àlàáfíà.

Nọ́ọ̀sì Alábọ́ọ́dé

Mà, téèpù yẹn dára, ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mẹ́fà títí di oṣù 59 ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọ tó ń wọ kíláàsì kìíní ti kọjá ọdún márùn-ún. Apá ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti rù lè wọ àwọ̀ ewé, ẹ ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò sí nǹkan. Fún àwọn wọ̀nyí, òṣùwọ̀n àti igi ìdíwọ̀n gíga ni, láìwọ bàtà, kí nọ́ọ̀sì wá fi wé àtẹ ìdàgbàsókè ti àjọ ìlera àgbáyé (WHO) fún ọmọ ọdún 5 sí 19.

Ẹ má ju téèpù nù o. Àwọn àbúrò tí ìyá yóò pọ̀n wá ni kí ẹ lò ó fún. Apá òsì ni, àárín gbùngbùn láti orí èjìká dé ìgúnpá, kí apá rọ̀ sísàlẹ̀ gbọọrọ. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 11.5, ọjọ́ náà gan-an ni ó ń lọ sí ilé ìwòsàn. Láti 11.5 sí ìsàlẹ̀ 12.5, ó fẹ́ oúnjẹ tó lágbára àti àtúnwò. Kí ẹ sì tẹ ẹsẹ̀ ọmọ méjèèjì pẹ̀lú àtàǹpàkò fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ibi tí ẹ tẹ̀ bá jinkòtò tí kò tètè padà, ẹ má wo téèpù mọ́, ẹ máa gbé ọmọ náà lọ.

Ìyá Ẹlẹ́kọ

Mo gbà, ẹ ṣé tẹ́ ẹ tún un ṣe. Oúnjẹ tó lágbára náà rèé fún ẹni tó bá fẹ́ sè é lápapọ̀: kọ́ńgò àgbàdo tàbí ọkà bàbà mẹ́fà, sóyà mẹ́ta, ẹ̀pà kan. Ẹ yan sóyà títí tí òórùn tútù rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá, torí sóyà tí kò jinná kì í jẹ́ kí ikùn lo oúnjẹ dáadáa. Ẹ ṣa ẹ̀pà lẹ́yọ-lẹ́yọ, ẹ ju èyí tó bu, tó rún tàbí tó korò nù. Májèlé inú ẹ̀pà tó bu kì í kú sórí iná. Ẹ lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, ẹ kó o sínú ike gbígbẹ tó ní ìdérí, ẹ má sì lọ ju èyí tí ẹ óò lò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Onímọ̀ Aràn

Oògùn aràn: albendazole 400 mílígíráàmù, hóró kan, lẹ́ẹ̀kan, fún ọmọ ọdún méjì sókè. Àwọn àbúrò tó wà láàárín ọdún kan sí méjì, ìdajì. Kí ọmọ rún un lẹ́nu. Fún àwọn tó kéré, ẹ fi ṣíbí méjì tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó. Ẹ má fún ọmọ tó ń sunkún, ẹ má di ọmọ nímú, ẹ má tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀. Oògùn náà fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe ọmọ ní jàǹbá, híhá tó lè há sí ọ̀nà ọ̀fun ni ewu tó tóbi jù.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ bóyá wọ́n ti pín in ní ilé ìwé láìpẹ́ yìí. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ yẹn, ẹ sún tirẹ̀ síwájú.

Ẹ sọ fún àwọn òbí tẹ́lẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn, pé inú lè run ọmọ tí aràn pọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀, ó lè bì, aràn sì lè bá ìgbẹ́ jáde lọ́jọ́ kejì. Ìyá tí kò gbọ́ èyí ṣáájú, tó wá rí aràn gbọọrọ nínú pó, ìró tó máa tàn ká ìlú lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé wọ́n ti fún ọmọ ní májèlé. Kí Ìyálọ́jà, ìmáàmù àti pásítọ̀ sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú.

Bí odò tàbí adágún bá wà nítòsí tí àwọn ọmọ ń wẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ béèrè nípa àtọ̀sí ajá, ìyẹn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Àwọn abúlé ẹ̀bá adágún Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ ọ́n dáadáa. Oògùn ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀, praziquantel. Gíga ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye hóró, ọmọ sì gbọ́dọ̀ ti jẹun. Òṣìṣẹ́ ìlera nìkan ni kó pín in.

Ayẹjúwò

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣe ìṣirò kan. Àyẹ̀wò ojú tí a kò fi kánjú ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ọmọ kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ́nà 150, wákàtí mẹ́wàá. Ọjọ́ kan kò lè gbà á. Ẹ pín in sí òwúrọ̀ mẹ́ta, àádọ́ta ọmọ lójoojúmọ́, ẹ ó sì parí kí oòrùn tó mú.

Àtẹ tí a ń lò fún ọmọ tí kò tíì mọ̀wé ni ti lẹ́tà E tó ń kọjú sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Ẹ fi okùn wọn mítà mẹ́fà gééré, ẹ fi ẹfun sàmì sílẹ̀ níbi tí gìgísẹ̀ ọmọ yóò dúró. Kí ìmọ́lẹ̀ kọjú sí àtẹ, kó má ṣe wá láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ tó sún un sẹ́yìn, ẹ fi E ńlá kan kọ́ ọ lọ́wọ́ nítòsí títí yóò fi mọ bó ṣe máa fi ìka júwe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òye rẹ̀ ni ẹ ń dán wò, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Ojú kan lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ́lẹwọ́ tàbí ife ike ni kó fi bo èkejì, kó má fi ìka bò ó, torí ọmọ á yọjú láàárín ìka. Ẹ má jẹ́ kó tẹ ojú náà mọ́lẹ̀, torí á máa rí bàìbàì fún ìgbà díẹ̀. Ìlà tí wọ́n kọ 6/12 sí lórí àtẹ ni kẹ́ ẹ lò. Kí ó gba E mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó bá kùnà, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sí ìwé. Ọmọ tí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo kò dára ni kò sẹ́ni tó ń mọ̀, torí ó ń fi èyí tó dára ríran, ó ń sáré, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ojú tí a kò bá tètè tọ́jú máa ń ṣòroó bá padà lẹ́yìn ọdún méje, mẹ́jọ. Ìdí tí kíláàsì kìíní fi jẹ́ àkókò rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Bí ìyá bá sọ pé nínú fọ́tò, ojú ọmọ òun kan ń tàn funfun nígbà tí èkejì ń pọ́n, ẹ má dúró de àtẹ kankan. Ó gbọ́dọ̀ rí dókítà ojú lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ má sì ra gíláàsì ọjà fún ọmọ.

Ayẹjúwò

Mo gbàgbé etí. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olórí kunkun ní kíláàsì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í gbọ́ràn. Ẹ gbé nǹkan mẹ́rin sórí tábìlì: ṣíbí, bọ́ọ̀lù, bàtà, ẹyin. Ẹ dúró sẹ́yìn ọmọ ní ìwọ̀n gígùn apá kan, kí ẹnì kan fi ìka di etí rẹ̀ kan, ẹ sọ orúkọ nǹkan kan jẹ́jẹ́, kó tọ́ka sí i.

Ẹ ṣọ́ra o: bí a bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ máa ń pòórá. Ẹ má lo igbá àti ìgbà, ọkọ́ àti ọkọ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ dá ṣáká náà yóò ṣi í gbọ́.

Etí tó ń ṣọyún, ẹ ká aṣọ mímọ́ tàbí tíṣù líle bí òwú fìtílà, ẹ fi fà á gbẹ, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ ó kéré tán. Kò gbọdọ̀ sí epo, kẹrosíìnì tàbí igi òwú nínú rẹ̀. Bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, dókítà ni.

Tíṣà Kíláàsì Kìíní

Ẹ ti sọ ti ara, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìmúrasílẹ̀. Àwọn òbí rò pé ọmọ tó mọ A B C ló ti ṣetán. Ohun tí mo ń wò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yàtọ̀: ṣé ó lè sọ orúkọ rẹ̀ àti ti òbí rẹ̀? Ṣé ó lè dá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó sì fọ ọwọ́? Ṣé ó lè jẹ́ iṣẹ́ alápá méjì, "mú ṣíbí yẹn, gbé e sínú abọ́"? Ṣé ó lè ka òkúta mẹ́wàá, kì í ṣe kó kàn máa pe ení, èjì lórí ahọ́n, kó máa fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà á?

Ọpọ́n ayò tó wà nílé bàbá àgbà ti tó fún èyí. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Kí ọmọ máa pín in sínú ihò, kí ó máa kó o jáde, ojoojúmọ́ títí oṣù kẹjọ á fi parí.

Èdè Yorùbá ni kẹ́ ẹ fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn òbí pé yóò dí ọmọ lọ́wọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ kó àwọn ọmọ wá wo kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n rí omi, kí wọ́n wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà gan-an. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ṣáláńgá yóò pa ìtọ̀ mọ́ra títí aago méjì ọ̀sán.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi ìdánwò kí ọwọ́ gba orí kan etí sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí àìjẹunrekánú ti dá gíga rẹ̀ dúró lè má kan án, ẹ̀ẹ̀mejì la sì fi ìyà jẹ ẹ́ yẹn. Ìwé ìbí ni kẹ́ ẹ gbà fún wọn, ọ̀fẹ́ ni ọ̀dọ̀ NPC, àjọ tó ń ka iye ènìyàn, fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ ní kí òṣìṣẹ́ wọn wá jókòó sídìí tábìlì tiyín.

Abániṣọ́ SS

Ẹ fi ìlà kan kún rẹ́jísítà fún àwọn ọmọ tí òbí wọn mọ̀ pé wọ́n ní fòníkú-fọ̀ladìde. Tíṣà gbọ́dọ̀ mọ̀: omi mímu ní gbogbo ìgbà, ààyè láti lọ tọ̀ nígbàkúùgbà torí wọ́n ń tọ̀ púpọ̀, kò sí ìjìyà inú oòrùn tàbí òjò, kí wọ́n wọ súwẹ́tà nígbà òtútù. Bí ara bá gbóná dé ìwọ̀n 38 °C, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, wọn kò gbọdọ̀ dúró de àárọ̀. Ẹ máa ka irú èyí sí àṣírí. Olórí ilé ìwé, tíṣà kíláàsì àti nọ́ọ̀sì ti tó. Ẹ má sì gbé fọ́tò ọmọ tí ẹ ń wọ̀n sórí Facebook.

Ọmọ Ìlú L'ókè Òkun

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ fi páálí oògùn àti fìtámì ránṣẹ́ sí irú ètò báyìí. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Onímọ̀ Aràn

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ rántí ilé, àmọ́ ẹ má fi oògùn ránṣẹ́. Ìlànà àjọ WHO ni pé kí oògùn ẹ̀bùn ṣì ní ọdún kan ó kéré tán kó tó kọjá àkókò nígbà tó bá dé, àṣẹ NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, sì tún wà níwájú. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí a nílò, bí albendazole àti àjẹsára, ọ̀nà ìjọba ló ti ń wá. Ohun tí kò sẹ́ni tó ń san ni owó ọkọ̀ ìyá àti ọmọ lọ sí ọsibítù ńlá, owó gíláàsì, owó àyẹ̀wò. Ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ojú ewé rẹ́jísítà tí wọ́n ti kọ ọjọ́ ìparí sí hàn yín, láìsí orúkọ ọmọ.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ ti ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Òwúrọ̀ mẹ́ta ni a ó lò. Ìbéèrè méjì ló kù: omi ìfọwọ́ ní ilé ìwé tí kò ní ẹ̀rọ, àti ẹni tó yẹ kó máa tọ́jú rẹ́jísítà náà.

Tíṣà Kíláàsì Kìíní

Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, ọ̀kan fún kíláàsì kan. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan sí ara rẹ̀ lápá òkè, ní ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ ọmọ. Ẹ gbé e kọ́ sórí igi tó dábùú, ẹ so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀ títí dé igi kékeré nílẹ̀ tí ọmọ yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọwọ́ kò ní kan kẹ́ẹ̀gì rárá. Ẹ lu ihò sí ọṣẹ, ẹ fi okùn so ó kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má bàa sọnù. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́, bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ ni, àwọn ọmọ kò sì ní í súnmọ́ ọn mọ́. Ohun tó ń pa á kì í ṣe bíbàjẹ́: omi á tán ní aago mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa bu òmíràn. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń pọn ún sára ògiri, ti àárọ̀ lọ́tọ̀, ti ìsinmi ọ̀sán lọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alábọ́ọ́dé

Rẹ́jísítà: ilé ìwòsàn ni kó máa gbé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, kí akọ̀wé yín máa wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà. Kí olórí ilé ìwé wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹ máa ka orúkọ tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ ṣófo nìkan. Ẹ fi bírò kọ gbogbo rẹ̀, àyàfi nọ́ńbà fóònù. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ìyẹn, torí kí oṣù kọkànlá tó pé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti máa yí láìmọye ìgbà.